Àwọ̀ Ni Ohùn Ẹ̀bá Ọ̀nà: Àgbéyẹ̀wò Fọ́tò Stephen Shore

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Onílé pàápàá kì í sáábà wo ohun tó ń rí lójoojúmọ́. Ilé epo, oríta, pátákó ìpolówó ọjà: ta ni í dúró wo ìwọ̀nyí ní àwòtúnwò? Stephen Shore, onífọ́tò tí wọ́n bí ní New York ní ọdún 1947, dúró wò wọ́n. Láti ọdún 1973 sí 1981, ó fi mọ́tò rin ilẹ̀ Amẹ́ríkà já, ó ń ya ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sáré kọjá. Inú ìwé Uncommon Places, tó jáde ní ọdún 1982, ni ó kó púpọ̀ nínú wọn jọ sí.

Nígbà náà, fọ́tò dúdú-òun-funfun ni ọ̀pọ̀ alámèyítọ́ kà sí iṣẹ́ ọnà. Lójú wọn, ti ìpolówó ọjà àti ti ayẹyẹ ẹbí ni fọ́tò aláwọ̀. Ní ọdún 1976, nígbà tí Museum of Modern Art ní New York pàtẹ fọ́tò aláwọ̀ tí William Eggleston yà, àwọn kan bẹnu àtẹ́ lù wọ́n pé ohun yẹpẹrẹ ló kún inú wọn. Ìbéèrè ìgbà náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀: kí ni àwọ̀ lè sọ tí dúdú àti funfun kò lè sọ?

Ìdáhùn kan wà nínú fọ́tò tí Shore yà ní ojú ọ̀nà U.S. 97, ní gúúsù Klamath Falls ní Oregon, ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 1973. Pátákó ìpolówó kan dá dúró nínú pápá. Òkè tí yìnyín bò lórí ni wọ́n kùn sí i lára. Ẹnìkan ti fi ọ̀dà búlúù pa ọ̀rọ̀ ìpolówó rẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, sánmà gidi tẹ́ rẹrẹ pẹ̀lú ìkùukùu funfun, àwọn òkè gidi sì kéré lọ́ọ̀ọ́kán. Búlúù inú agolo ń bá búlúù ojú ọ̀run figa gbága. Bí a bá yọ àwọ̀ kúrò, àbàwọ́n lásán ni ọ̀dà yẹn yóò dà, ìjà náà yóò sì parí.

Ti oríta Beverly Boulevard àti La Brea Avenue ní Los Angeles, tó yà ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1975, yàtọ̀. Kámẹ́rà ńlá tó ń gbé fíìmù oní-ínǹṣì 8 sí 10, tí a gbé ka ẹsẹ̀ mẹ́ta, ni ó lò. Ìdí nìyẹn tí ohun tó wà nítòsí àti èyí tó jìnnà fi hàn kedere. Àmì ilé epo Chevron ń pe awakọ̀, àwọn àmì mìíràn náà ń pè é. Pípè ni iṣẹ́ àwọ̀ níbẹ̀: òǹtajà ló fi kùn ún kí ẹni tó ń sáré lè dúró. Nítorí náà, àwọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ fọ́tò yìí. Òun ni èdè tí ẹ̀bá ọ̀nà ń sọ.

Ṣé ìyìn ni tàbí èébú? Shore kò sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ dáhùn, kí ó kọ́kọ́ dárúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó rí, lẹ́yìn náà kí ó bèèrè ẹni tó fi síbẹ̀ àti ẹni tí ó ń pè.