Àwòrán Tí Mo Fi Ta Aráyé Lọ́rẹ

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún 2021 tí n kò fẹ́ sọ síta, nítorí pé ọrùn èmi gan-an ni ẹ̀bi rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ya àwòrán níbi ìnáwó wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé ó dára kí n máa gbé àwòrán mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá wù máa lò ó?" N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó jókòó. Ohun tí mo rò fún un náà ni mo fẹ́ rò fún yín.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe ní Abẹ́òkúta fún ọdún 31. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọmọbìnrin mi ra fóònù kan fún mi tí ó ń ya àwòrán tí ó mọ́ kedere. Kò sí ohun tí n kò yà: Òkè Olúmọ láàárọ̀, ọjà Ìtòkú lọ́sàn-án, ewúrẹ́ aládùúgbò lórí ògiri wa. Ìyàwó mi ní ewúrẹ́ yẹn ti ní àwòrán ju òun lọ.

Ilé kan ní Èkó ni ó jẹ́ kí ọ̀ràn náà wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ojúde Tinúbú yóò rántí ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, tí wọ́n kọ́ lọ́nà tí àwọn Àgùdà mú ti Bùràsíìlì bọ̀. Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Síbẹ̀, ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Mo ti gba iwájú ilé yẹn kọjá tó ìgbà ogún, n kò sì yà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ mi, àwòrán tí àwọn ẹlòmíràn yà ni mo rí tọ́ka sí. Ojú tì mí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ni ó wá mú mi mọ Wikimedia Commons. Àká ńlá ni, àká àwòrán, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 7 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 2004, tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti lé ní 100 mílíọ̀nù báyìí. Inú rẹ̀ ni Wikipedia ti ń mú àwòrán, àti ti èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti èdè Yorùbá tiwa náà. Lójú òfin, bí o bá ti fọwọ́ ara rẹ ya àwòrán, o ti di onínǹkan. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ lò ó bó ṣe wù ú láìgbàṣẹ. Àṣẹ yìí ni ẹni tó bá gbé àwòrán sínú àká náà ń fún gbogbo ayé ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá kanlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2001, Creative Commons, ni ó kọ ìwé àṣẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, wọ́n sì gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù Dìsẹ́ńbà 2002. Ẹnì kan lè sọ pé: lò ó, ṣùgbọ́n dárúkọ mi. Òmíràn á fi kún un pé: bí o bá tún un ṣe, irú àṣẹ tí mo fún ọ ni kí ìwọ náà fún ẹni tó kàn. Òmíràn á ní kí wọ́n má fi ṣòwò, òmíràn á ní kí wọ́n má yí i padà rárá. Ṣùgbọ́n àká tí mo ń wí yìí kì í gba méjì ìkẹyìn yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò, kí ó fi ṣòwò. Ẹni tó bá fẹ́ gé e, kí ó gé e.

Mo ka gbogbo èyí. Mo kà á bí ènìyàn ti ń ka ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo mú àṣẹ tí ó ní kí wọ́n dárúkọ mi, kí wọ́n sì fún ẹlòmíràn ní irú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ó parí.

Àbúrò bàbá mi obìnrin wà, tí gbogbo ọjà mọ̀ sí Ìyá Aláró. Ní 2018 ẹni ọdún 78 ni, kò sì tíì fi ìkòkò aró sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo bá a lágbàlá, ó ń fa àdìrẹ kan jáde nínú ìkòkò, ọwọ́ rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀ dé ìgúnpá. Bí mo ti ń wá ibi tí mo máa dúró sí, mo fi bàtà tẹ omi eérú rẹ̀, ni ó bá gbójú sókè, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo tẹ fóònù. N kò yà irú rẹ̀ rí, n kò sì tún yà irú rẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ìyá, mo fẹ́ gbé e síbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i o." Ó ní, "Kí wọ́n rí i. Mo jalè ni?"

Mo rò pé ìyẹn ti tó. Ẹ kíyè sí i, ọ̀rọ̀ rírí ni mo bá a sọ. N kò bá a sọ ọ̀rọ̀ lílò.

Ní ọdún kejì, tíṣà obìnrin kan ní Bahia ní Bùràsíìlì kọ̀wé sí mi. Èdè Potogí ni, fóònù ni ó bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ó ní òun fi àwòrán náà kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun nípa aró àwọn Yorùbá, òun sì kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé Ìyá láti lọ sọ fún un. Ó béèrè bóyá àwọn ọmọ náà ń jẹun dáadáa.

Ó wá di oṣù Ògọ́ọ̀sì 2021. Ìyàwó àbúrò mi sáré wọlé tọ̀ mí wá, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wá wo Ìyá Aláró ní gáréèjì!" Mo rò pé wọ́n ti fi ọkọ̀ gbá a ni. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí ojú Ìyá lórí pósítà ńlá, ẹ̀rín yẹn gan-an, wọ́n ti gé ìkòkò àti ọwọ́ rẹ̀ dànù, wọ́n fi ìgò àgbo kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bí ẹni pé Ìyá ni ó ń sọ ọ́ pé ọ̀pá lòun fi ń rìn fún ọdún 8, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òun ti mu ìgò mẹ́ta, òun ti ń jó. Ìyá tí kò fi ọ̀pá rìn rí!

Bí ó bá ṣe ẹ̀sín nìkan ni, à bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oníbàárà Ìyá kan tí orúnkún ń dùn ti fi owó àjọ rẹ̀ ra ìgò mẹ́ta. Ó wá bá Ìyá pé kò tíì ṣiṣẹ́, pé báwo ni Ìyá ṣe mu tirẹ̀? Ó ní òun kò bá má rà á, bí kò ṣe pé Ìyá Aláró kì í purọ́. Òótọ́ ni. Bí aró Ìyá bá máa ṣí, yóò ti sọ fún ọ kí o tó sanwó. Orúkọ yẹn ni ó fi ọgọ́ta ọdún kó jọ, òun ni mo gbé síta bí ẹni gbé àga síta nígbà òjò.

Ẹbí pe ìpàdé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà gbọ́ ọ títí, ó wá bi mí pé, "Èló ni wọ́n fún ọ?" Mo ní wọn kò fún mi ní kọ́bọ̀, mo ní ọ̀fẹ́ ni mo fi sílẹ̀. Ó wo àwọn yòókù, ó ní ohun tí ẹni tó bá ta ilẹ̀ ẹbí máa ń sọ nìyẹn.

Èmi àti ọkọ ọmọ mi lọ bá onítẹ̀wé. Ó ní, "Bàbá, íntánẹ́ẹ̀tì la ti rí i, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni." Ìgbà yẹn ni mo tó padà lọ ka ìwé àṣẹ náà bí ẹni tí ọ̀ràn kàn. Wọn kò dárúkọ mi, wọn kò sì tọ́ka sí àṣẹ tí wọ́n fi mú un. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àṣẹ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi tí ó bá tún un ṣe láàárín ọjọ́ 30 tí ó mọ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ká ní wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ mi gàdàgbà ńkọ́? Ṣé ìyẹn á mú ìyà Ìyá kúrò? Ìwé náà sọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀tọ́ ẹni tí ó wà nínú àwòrán kò sí lára ohun tí ẹni tó yà á ń fi tọrẹ. Ohun tí mo fún aráyé ni iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ojú Ìyá kì í ṣe tèmi láti fún ẹnikẹ́ni, n kò sì sọ ìyẹn fún un, n kò sọ fún onítẹ̀wé, n kò sọ fún ara mi.

Alágbo náà bẹ̀ wá, ó já àwọn pósítà rẹ̀, ó dá owó ìgò mẹ́ta padà fún obìnrin ọjọ́ yẹn. Èyí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp, ta ni yóò já ìyẹn?

Kí ẹ má rò pé àwa aláìmọ̀kan nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà, Carol Highsmith, gbajúmọ̀ ayàwòrán, ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán rẹ̀ fún ilé ìkàwé ńlá ìjọba wọn, Library of Congress, kí gbogbo ènìyàn máa lò ó. Ní 2015, ó rí lẹ́tà gbà pé kí ó san $120 nítorí pé ó lo àwòrán kan. Àwòrán tirẹ̀ ni! Ó lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì da èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ rẹ̀ nù.

Mo fẹ́ gba tèmi padà. Wọ́n ní àṣẹ tí ènìyàn bá ti fi sílẹ̀ kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń pa á mọ́, ṣùgbọ́n mo lè bẹ àwọn olùtọ́jú àká náà pé kí wọ́n yọ àwòrán kúrò níbẹ̀. Kí n tó kọ̀wé sí wọn, mo lọ bi Ìyá. Ó ń na aṣọ sórí okùn, kò wò mí. Ó ní, "Ọwọ́ mi, fi sílẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ ni. Ojú mi, dá a padà fún mi." Mo ya ọwọ́ rẹ̀ nìkan nínú aró, ìyẹn ni mo gbé síbẹ̀. Àwọn olùtọ́jú jíròrò lórí ti àkọ́kọ́, wọ́n sì yọ ọ́.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ ọ̀rẹ́ mi nìyí. Mo ní kí ó gbé ilé, ọjà, oúnjẹ àti òkè síbẹ̀ láìbẹ̀rù, kí ó tètè ṣe é kí wọ́n tó wó wọn. Àwòrán ìyàwó tuntun tí ẹbí ti sanwó rẹ̀, kí ó fi sílẹ̀. Bí ó bá sì ya ènìyàn, kí ó sọ fún un ní èdè tí ó gbọ́ pé ẹnì kan tí òun kò mọ̀ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tí òun kò rò, kí ó wá wo ojú rẹ̀ dáadáa nígbà tí ó bá ń dáhùn.

Ìyá kú ní 2024, ní ẹni ọdún 84. Nígbà tí a fẹ́ tẹ pósítà ìsìnkú, a wá àwòrán títí. Fóònù mi àtijọ́ ti bọ́ sómi láti 2022 pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí àwọn ọmọ ní, ojú Ìyá le nínú wọn bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ni mo bá rántí tíṣà Bahia. Ó ti gba àwòrán náà nígbà tí àṣẹ wà lórí rẹ̀, tirẹ̀ ni láti pa mọ́. Mo kọ̀wé sí i lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti fi í ránṣẹ́ sí mi, odindi rẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò, pẹ̀lú ọwọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ni ó dúró tì í. Nígbà tí wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tán, ó fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ níbi tí àyè díẹ̀ kù sí, ó ní, "Kọ orúkọ ẹni tó yà á síbẹ̀. Wọ́n ní òfin ni."