Jáde Kì Í Ṣe Pa

Ọ̀sán gangan ni, ní Ìtòkú, níbi tí àwọn aládìrẹ ń pàtẹ sí l'Ábẹ́òkúta. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni Ẹ̀gbọ́n ní láàárín wọn. Ó ń tẹ ìwé, ó ń forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á jókòó síbẹ̀ kan náà, á wọ inú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó, á sì bá wọn ṣírò owó tó wọlé lọ́jọ́ náà. Kò gbé ìlú mìíràn rí. Àbúrò rẹ̀ ti lo ọdún mọ́kànlá ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ojú ètò kọ̀ǹpútà, ìyẹn bí bọ́tìnì, àpótí àti ọ̀rọ̀ inú ètò yóò ṣe rí sí ẹni tó ń lò ó. Ìjókòó wọn ọjọ́ náà bá mi níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè.

ÀBÚRÒ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sì tún kú ilé.

Ẹ̀GBỌ́N: Oo, káàbọ̀, Àkànní. Fa àga yẹn sún mọ́ mi, oòrùn á bá ọ níbẹ̀ yẹn.

ÀBÚRÒ: Linux lẹ fi sórí láptọ́ọ̀pù yìí?

Ẹ̀GBỌ́N: Òun ni. Tòkunbọ̀ ni mo rà á. Nígbà tí Windows inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín, ọmọ kan tó ń kàwé ní FUNAAB bá mi fi Ubuntu sí i, kò sì gba kọ́bọ̀. Remmina ni mo fi ń wọ kọ̀ǹpútà Èkó.

ÀBÚRÒ: Remmina gan-an ni mo fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe! Mo ti ya bí mo ṣe fẹ́ kó rí. Ó wà nínú báàgì mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé àwọn tó ni ín gbà fún ọ? Mo rò pé Microsoft ló ni ín.

ÀBÚRÒ: Rárá o. RDP, èdè tó fi ń bá kọ̀ǹpútà Èkó yẹn sọ̀rọ̀, òun ni ti Microsoft. Ètò náà fúnra rẹ̀ kò ní ọ̀gá kan. Orúkọ Vic Lee ló wà lórí àwọn fáìlì rẹ̀ láti ọdún 2009, àwọn mìíràn sì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé àṣẹ GPL ló wà lábẹ́ rẹ̀: ẹni tó bá wù lè ṣí inú rẹ̀, kà á, tún un ṣe, kó sì pín in, bó bá ti fi àyè kan náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀GBỌ́N: Tèmi náà wá ni, tí n kò sì mọ̀. Mú àwòrán rẹ wá kí n rí i.

(Ó tẹ́ ìwé mẹ́rin sórí tábìlì. Ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ló ya wọ́n: bọ́tìnì roboto, àyè gbẹ̀dẹ̀gbẹdẹ láàárín wọn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára wọn.)

Ẹ̀GBỌ́N: Ó lẹ́wà púpọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dà?

ÀBÚRÒ: Mo yọ wọ́n. Àwòrán ni gbogbo ayé ń lò báyìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí tó ní ọfà mẹ́rin yìí, kí ló ń sọ?

ÀBÚRÒ: Kó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí ńkọ́, tó dà bí ẹni yọ okùn iná kúrò lára ògiri?

ÀBÚRÒ: Ẹ ti kúrò l'Ékòó nìyẹn, ẹ ti padà sórí láptọ́ọ̀pù yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi tí mo bá rí i, màá ní iná ni wọ́n fẹ́ kí n pa. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún ọ. Kí n tó mọ Remmina ni, ètò mìíràn ni mo ń lò nígbà náà. Ọjọ́ Sátidé kan, mo ṣe iṣẹ́ Èkó tán. Òjò ti ṣú, epo jẹnẹrétọ̀ ti ń tán lọ, mo ní kí n tètè pa láptọ́ọ̀pù mi kí n máa lọ sílé. Kọ̀ǹpútà wọn ti bo ojú tèmi pátápátá, kò sí ibi kankan tí tèmi ti yọ. Mo lọ sísàlẹ̀, mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ojú rẹ̀ dúdú. Mo ti ń ká wáyà nígbà tí Ubuntu tèmi yọjú láti ẹ̀yìn, tí iná rẹ̀ ń tàn rekete. Mo káwọ́ lérí. Kọ̀ǹpútà Èkó ni mo pa!

ÀBÚRÒ: Yéè! Kò sì sẹ́ni níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ti lọ sí òde ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Òde. Títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, kò sẹ́ni tó rí ìwé owó kankan ṣí. Ọ̀gá wọn pè mí, kò pariwo, ó kàn ní: "Ṣé ẹ ò mọ ilé yín yàtọ̀ sí ilé wa ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí dòní, torí òótọ́ ló sọ. N kò mọ ilé tí mo wà.

(Àbúrò kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó kó ìwé mẹ́rin náà jọ, ó dà wọ́n dé. Inú mi dùn sí i níbẹ̀, torí ó ṣòro fún oníṣẹ́ ọwọ́ láti da iṣẹ́ ara rẹ̀ dé.)

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà Èkó ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ohun tó ń fi ránṣẹ́ sí yín kò ju àwòrán ojú rẹ̀ lọ, ibi tó bá yí padà ni ó ń rán. Ẹ̀yin náà ń dá ohun tí ẹ tẹ̀ àti ibi tí ẹ gbé máòsì lọ padà sí i. Bí àwòrán yẹn bá wá kún ojú láptọ́ọ̀pù yín, kò sí ohun tó máa sọ fún ojú yín pé ọ̀nà jíjìn ni. Remmina ní igi kékeré kan lókè, tó ní orúkọ kọ̀ǹpútà náà lára, ṣùgbọ́n ó máa ń sá pamọ́ kó má baà dí yín lọ́wọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Kó má sá pamọ́ fún èmi. Ṣe ohun tí ojú mi máa rí láìwá a.

ÀBÚRÒ: Mo lè fi àwọ̀ yí etí rẹ̀ ká. Èkó ní àwọ̀ tiẹ̀, ibòmíràn ní tiẹ̀. GTK ni wọ́n fi kọ́ ojú ètò yìí. Ìlà mẹ́ta ní CSS, èdè tí a fi ń pàṣẹ àwọ̀, tó fún un.

(Ó ṣí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, tí òun náà jẹ́ Linux, ó sì ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó gbé e yí sí Ẹ̀gbọ́n, etí aláwọ̀ ojú sánmà kan yí kọ̀ǹpútà Èkó ká.)

Ẹ̀GBỌ́N: Ibo ló wà?

ÀBÚRÒ: Òun nìyí, yíká yíká.

Ẹ̀GBỌ́N: N kò rí nǹkan kan. Gbé e sí ibi tí mo ń jókòó sí, kí o fojú ara rẹ wò ó.

ÀBÚRÒ: Há. Oòrùn ti pa á rẹ́. Fífẹ̀ píksẹ́lì 2 ni mo fún un. Nínú yàrá tèmi, tí ojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà òtútù, ó hàn dáadáa.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìtòkú nìyí. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kì í tì, oníbàárà ń wọlé. Fi pupa sí i.

ÀBÚRÒ: Mo ti sọ ọ́ di pupa, mo fẹ̀ ẹ́ dé 12.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó hàn báyìí. Àmọ́ á gé nínú iṣẹ́ mi! Ojú láptọ́ọ̀pù mi, 1366 sí 768 ni. Ibi ìsàlẹ̀ tí iye àpapọ̀ owó máa ń wà yóò lọ lábẹ́ rẹ̀.

ÀBÚRÒ: Kí ni ká yọ?

Ẹ̀GBỌ́N: Yọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yọ ìsàlẹ̀. Fi ti òkè nìkan sílẹ̀, kó jẹ́ ọ̀já pupa kan, kí o kọ ÈKÓ sáàárín rẹ̀. Ojú mi máa ń lọ sókè kí n tó pa nǹkan.

ÀBÚRÒ: Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa rí. Kí ló tún ń dà yín láàmú?

Ẹ̀GBỌ́N: Dátà. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń jẹ dátà mi lájẹjù. Wo ibi tí wọ́n ti ń yan bí àwòrán ṣe máa dán tó. Èyí tó yára jù, tó sì ń jẹ dátà kékeré, "Poor" ni wọ́n kọ sí i. Èyí tó ń fà lórí nẹ́tíwọọ̀kì wa, "Best" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ wo ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ yan èyí tí wọ́n pè ní òtòṣì?

ÀBÚRÒ: Wọ́n kọ yíyára sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ o.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lojú ń rí. Wọ́n ń wí nípa àwòrán, èmi ń wí nípa owó tí mo fi ra dátà. Kí wọ́n kọ "Dátà kékeré" sí ọ̀kan, "Dátà púpọ̀" sí èkejì. Kò sẹ́ni tó máa ṣì í yàn.

ÀBÚRÒ: Mo ti lo ọdún mẹ́ta lórí irú àpótí bẹ́ẹ̀, n kò wò ó lójú yẹn rí. Èyí náà á wọ inú ìwé tí màá kọ sí àwọn tó ń tọ́jú Remmina. Ẹ̀gbọ́n mi, tí a bá ti dé orí ọ̀rọ̀ kíkọ, ṣé ẹ mọ̀ pé a lè fi Yorùbá kọ gbogbo ẹ̀? Ẹ wò ó. Fáìlì kan ló wà fún èdè kọ̀ọ̀kan, tiwa, yo.po ni yóò máa jẹ́. Ìlà òkè ní: msgid "Connect". Ìlà ìsàlẹ̀ ní: msgstr, wọ́n sì fi àyè òfìfo sílẹ̀. Àyè yẹn la ó kọ tiwa sí. Mo ti kọ "Sopọ̀" sí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Sopọ̀ kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ so? Mo fẹ́ wọ kọ̀ǹpútà Èkó ni. Kọ "Wọlé".

ÀBÚRÒ: "Wọlé." Ó kúrú, ó sì bá bọ́tìnì mu. Ti "Disconnect" ńkọ́? "Já ìsopọ̀" ni mo kọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Áà, o fẹ́ dẹ́rù bà mí! Nẹ́tíwọọ̀kì ló máa ń já. Tí mo bá rí "já", màá pe àwọn tó ni dátà kí n bú wọn. Èmi tí mo wọlé, jíjáde ni màá jáde. Kọ "Jáde". Nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì bá ṣe tiẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ètò kọ "Ó já". Tó bá wá di pé kí kọ̀ǹpútà kú, kọ "Pa". Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, ọmọ kékeré kò ní ṣì wọ́n.

ÀBÚRÒ: Kí n má tàn yín: ìwọ̀nba ohun tó wà lára Remmina nìkan ló wà lọ́wọ́ wa. Ibi tí ẹ ti pa kọ̀ǹpútà Èkó lọ́jọ́sí, inú Windows wọn lọ́hùn-ún ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí "Jáde" bá wà lókè gbangba lórí ọ̀já pupa yẹn, kí ló máa gbé ọwọ́ mi lọ sísàlẹ̀?

ÀBÚRÒ: Òótọ́ ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú: àwọn tó ń lo Linux nílẹ̀ wa, òyìnbó ni gbogbo wọn ń kà. Ta ló máa lo Yorùbá rẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Àkànní, ọmọ Lísàbí ni ọ́. Nínú ìlú yìí ni míṣọ́nnárì Townsend ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn ní oṣù Kejìlá ọdún 1859. Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ni òyìnbó wọ inú rẹ̀. Èèyàn mélòó ló mọ̀wé kà l'Ábẹ́òkúta nígbà náà? Ó kọ ọ́ ná, àwọn tó ń kọ́ ìwé sì fi í kọ́. Ìyá kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí tó ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ó ka Bíbélì Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbọ́ òyìnbó. Ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà tọ́jú ìwé owó ọjà rẹ̀ fún un. Ìyá náà ló máa lò ó.

ÀBÚRÒ: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àmì ohùn kún un. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ḿbà tiwọn nínú Unicode. Tí ohùn bá gun orí ẹ tàbí ọ, bí ọ́ tó wà nínú "pamọ́", kò sí nọ́ḿbà kan fún un. A ní láti to lẹ́tà àti àmì tẹ̀ léra wọn, kí fọ́ǹtì wá gbé èkejì ka orí èkíní. Fọ́ǹtì tí kò mọṣẹ́ á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù kò níṣòro: lórí Linux, tí ẹ bá ṣí èyí tí wọ́n kọ Nàìjíríà sí, Yorùbá wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò. Àwọn kan nílẹ̀ wa sì ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa. Àjọ Alt-i ti Túndé Adégbọlá, n'Íbàdàn, lọ́wọ́ nínú Windows Vista tó sọ Yorùbá.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló wá kù?

ÀBÚRÒ: Kí n kọ ẹjọ́ yín sílẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú Remmina lórí GitLab: ọ̀já pupa, "Dátà kékeré", Jáde tó dúró sójú kan. Kí n fi àyípadà inú fáìlì náà tì í. Tí ẹ bá fẹ́, mo lè fi ẹ̀dà tèmi sórí láptọ́ọ̀pù yín lónìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ á ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù; tó bá bàjẹ́, ta ni màá pè? Jẹ́ kó gba ọwọ́ wọn wọ inú Ubuntu, kó dé ọ̀dọ̀ mi bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Orúkọ ta lo kọ sí abẹ́ rẹ̀?

ÀBÚRÒ: Orúkọ yín ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀.

(Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Mo tún gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń tọ́jú ètò náà kò tíì dáhùn. Ẹ̀gbọ́n ti gé bébà pupa kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà sí i: ÈKÓ LO WÀ O.)