Orúnkún Àlàájà

Ọ̀rọ̀ orúnkún ni mo gbé wá lónìí. Ní Ìlọrin níbí, orúnkún kì í ṣe ohun ìrìn nìkan: òun ni obìnrin fi ń kí àgbà, òun náà ni Mùsùlùmí fi ń wólẹ̀ fún Ọlọ́run lójoojúmọ́.

Ìyá mi, Àlàájà, mọ ìkòkò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Dada, ní àdúgbò Òkelele. Iṣẹ́ ìlóṣòó, ìbẹ̀rẹ̀ àti ẹrù gbígbé ni, ó sì máa ń ni orúnkún lára. Ní ọdún 2023, kò lè fi orí kan ẹní mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kírun lórí àga. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láàyè láti ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Kò fẹ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ mọ́.

Làkúrègbé ni gbogbo wa pè é. Orúkọ yìí gbòòrò (ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i): a fi ń pe ìrora iṣan, ti ẹ̀yìn àti ti oríkèé pọ̀. Aromọléegun ni a ń pe ti oríkèé gan-an. Nínú irú èyí tí ó mú Àlàájà, eegun rírọ̀ tí ó bo orí egungun nínú oríkèé ni ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, tí oríkèé sì ń le. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2019, nǹkan bíi mílíọ̀nù 528 ènìyàn ni ó ní in lágbàáyé, orúnkún ni ó sì ń bá jà jù.

Kí ni àwa ọmọ ṣe? A ní kí ó jókòó. “Ẹ má dìde, Ìyá, a ó bá yín gbé e.” Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu; àwa sì fi ọmú náà há a lẹ́nu! Omi mímu pàápàá, a kì í jẹ́ kí ó bù ú. Láàárín oṣù mẹ́fà, itan rẹ̀ joro, ìrora sì pọ̀ sí i.

Obìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni ó là wá lójú. Orúnkún kọ́ ni ó kọ́kọ́ dì mú, itan ni. Ó ṣàlàyé pé iṣan iwájú itan ni ó ń gba ìwúwo ara dúró. Bí ó bá rọ, orí oríkèé ni gbogbo ẹrù yóò já lé. Ó ní kí Àlàájà na ẹsẹ̀ lórí ẹní, kí ó ká tówẹ̀lì sábẹ́ orúnkún, kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí a ó fi ka ení dé àrún-ún, nígbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, kí ó jókòó sórí àga, kí ó na ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tààrà. Èyí tí ó le jù ni pé kí ó máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í. Ìrora díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì le ní ọjọ́ kejì, kí a dín in kù. Orúnkún tí ó bá wú tí ó sì gbóná, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí a gbé e lọ.

Ọjọ́ kan ni aládùúgbò wa wọlé bá wa, tí mo ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó bú mi pé mo ń fìyà jẹ ìyá arúgbó. Àlàájà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó gbà láti tún bẹ̀rẹ̀.

Ó tó oṣù méjì kí a tó rí ìyàtọ̀. Ìdárayá kò lè dá eegun rírọ̀ tí ó ti jẹ padà. Orúnkún òsì rẹ̀ ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Orí àga ni ó ṣì ti ń kírun. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo na ọwọ́ láti fà á dìde, ó gbá ọwọ́ mi dànù, ó dìde fúnra rẹ̀, ó sì lọ bu omi.