Aného, Ìlú Tí Òkun Ń Jẹ

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde 2024 ni a kó ara wa jọ láti Àjàṣẹ́, a lọ kí ọmọ wa obìnrin kan tó bímọ sí ilé ọkọ ní Aného, ní ilẹ̀ Togo. Tí a bá ti kọjá Grand-Popo, tí a sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè ní Hilacondji, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ nìyẹn.

Ìlú náà wà láàárín òkun àti ọ̀sà, ó sì ń tòògbé. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn kò ní gbà pé ibẹ̀ ni olú ìlú Togo rí láyé àwọn Jámánì, kí ìjọba tó kó lọ sí Lomé ní 1897, tàbí pé ọkọ̀ ojú irin ti Lomé dé ibẹ̀ ní 1905. Ọkọ̀ náà kò sí mọ́. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn oníṣòwò àtijọ́ ṣì wà. Igi ti hù lára òmíràn, fèrèsé ti bọ́ lára òmíràn.

Àwọn ọmọdé fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan omi òkun, a sì mú wọn lọ. Háà! Ọ̀rá omi mímu, ike, bàtà tó ti já, àwọ̀n tó ti ya, àti ohun mìíràn tí kò yẹ kí a dárúkọ nínú ìwé tí ìdílé ń kà. Ẹnì kan nínú wa bi ìyá ọkọ ọmọ wa léèrè ìdí tí etí òkun fi rí báyìí. Èdè Mina ló fi dáhùn, ọmọ wa sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa: “Ẹ̀yin àna mi, ọkọ̀ tí ń kó ìdọ̀tí kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Inú ọ̀sà ni a ti ń pa ẹja tí à ń jẹ. Níbo ni kí a dà á sí?” A kò rí èsì fún un.

Ó wá na ọwọ́ sí ọkọ̀ apẹja kan lórí omi. Ó ní àgbàlá àwọn ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin bàbá ọkọ òun sí.

Ìdí rẹ̀ kò pamọ́. Odò Volta ló máa ń gbé iyanrìn wá sí òkun, omi òkun a sì máa gbé e bọ̀ lápá ìlà-oòrùn. Ní 1965 wọ́n parí ìsédò Akosombo ní Ghana. Ní 1968 èbúté Lomé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ògiri òkúta rẹ̀ sì dá ìyókù dúró. Òkun tí kò rí iyanrìn gbà a máa jẹ ilẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n ti to òkúta sínú omi ní Aného, ṣùgbọ́n ibi tí òkúta kò bá dé, ibẹ̀ ni òkun yóò kọjú sí. Lójú tiwa, ó ṣòro kí ènìyàn tọ́jú etíkun tó mọ̀ pé yóò bọ́ lọ́wọ́ òun láìpẹ́.

Ọmọ ìyá náà ti kọ́ yàrá méjì fún un ní òdìkejì ọ̀sà. Kò tíì lọ. Ní òwúrọ̀ tí à ń padà bọ̀, ó ti gbá iwájú ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní kí a tó jí. Ó kó pàǹtí náà sínú agbọ̀n, ó gbé e rù, ó sì kọrí sí etí òkun.