Ibòji Tó Mọ Níwọ̀n

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe nítorí ooru nìkan ni a ṣe ń wá ibòji. Abẹ́ agboòrùn ńlá ni ọba ti ń jáde, abẹ́ igi ọ̀dán tó wà ní ọjà sì ni àwọn àgbà ti ń parí ìjà. Ní Douala, ìlú èbúté ńlá ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ibòji tún níṣẹ́ mìíràn fún ẹni tó bá ń ta aṣọ: òun ló ń ṣọ́ ọjà.

Ẹ wo Ìyá Ìbejì, ọmọ Ìbàdàn tó ń ta àǹkárá nítòsí ọjà Mboppi. Ọdún mọ́kànlá ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi wà lábẹ́ igi máńgò. Kì í fẹ́ kí oòrùn kan aṣọ rẹ̀, ó sì nídìí. Aṣọ tó bá pẹ́ lójú oòrùn á ṣá. Ibi tó kọjú síta á pàwọ̀ dà, ibi tí wọ́n ṣẹ́ sínú á ṣì máa dán. Oníbàárà tó bá tú u wò á rí ìlà tó là á láàárín, ìdajì owó ló sì máa dárúkọ, bó bá tilẹ̀ dárúkọ owó rárá.

Aláró ni ìyá tó bí i lọ́mọ. Ọmọ aláró kì í sọ pé aṣọ gba aró, kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Aṣọ tó bá wọ inú aró fún ìgbà díẹ̀ péré, àyìnrín ni. Bí wọ́n bá ń rì í, tí wọ́n ń yọ ọ́ sí atẹ́gùn léraléra, á máa dúdú sí i títí tó fi máa jọ ìyẹ́ ẹtù. Aró kan náà ni, ìwọ̀n rẹ̀ ló yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí náà ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín òun àti ọkọ rẹ̀.

Onílé fẹ́ gé igi máńgò náà kó lè kọ́lé síbẹ̀. Bàbá Ìbejì wá rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ilé búlọ́ọ̀kù tuntun, ó fẹ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Ìbejì lọ wò ó. Ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí.

“Bàbá Ìbejì, ààrò lẹ gbà fún wa yìí.”

“Oòrùn nìkan ni ìwọ ń sọ. Àwọn aṣọ tó bu lábẹ́ máńgò nígbà òjò ńkọ́?”

Òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Douala lọ́dún ju mílímítà 3,500 lọ, ó ju ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn lọ. Nínú oṣù Keje àti Kẹjọ, abẹ́ igi kì í gbẹ, aṣọ a sì hu funfun bí búrẹ́dì ọjọ́ pípẹ́.

Kòkó ni Bàbá Ìbejì ń bá wọn kó ní èbúté, ó sì ti gbé inú oko kòkó rí. Àgbẹ̀ a máa gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín kòkó tó ṣì kéré, kí oòrùn má bàa jó o. Bí kòkó bá dàgbà, wọ́n á fi igi ńlá díẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gé gbogbo igi wọ̀nyẹn lè rí èso rẹpẹtẹ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó á gbòde, igi náà á sì tètè gbó. Bí ibòji bá sì pọ̀ jù, tí ọ̀rinrin kò rọ́nà jáde, àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú á wọlé. Àdá ni wọ́n fi ń wá ìwọ̀n rẹ̀: wọ́n á dín ẹ̀ka kù, wọn ò ní gé igi.

Ohun tí ọkùnrin náà kò rò ni ọ̀nà tí oòrùn ń gbà wọlé. Douala kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ìwọ̀n mẹ́rin péré ló fi wà ní àríwá rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti nǹkan bí àárín oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán gangan a máa wà ní àtàrí, òjìji ènìyàn a sì wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òrùlé tó láti dá ìyẹn dúró. Ti ìrọ̀lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wá, tààrà dé orí pẹpẹ aṣọ. Kọ́tìnnì inú ilé kò sì ṣe púpọ̀ sí i, torí ooru ti wọlé kó tó kàn án. Ìta ló yẹ kí wọ́n ti pàdé oòrùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ tó wà ní Bonanjo, láti ìgbà ìjọba àwọn òyìnbó, fi ní fàràndà fífẹ̀.

Ọmọbìnrin inú àwọn ìbejì ló yanjú ọ̀rọ̀ náà láìmọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó fi pẹ́ńsù ya máńgò. Èyí tó kọ́kọ́ yà dà bí àwo pẹlẹbẹ. Nígbà tó wá kun ẹ̀gbẹ́ kan, tó jẹ́ kó máa dúdú díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á, máńgò náà yọ ikùn. Olùkọ́ tún ní kó ya ohun kan ládùúgbò. Ṣọ́ọ̀bù tuntun ló lọ yà, ní ìrọ̀lẹ́. Alùpùpù, ẹlẹ́pà, òpó iná, gbogbo wọn ló ní òjìji. Iwájú ṣọ́ọ̀bù nìkan ló funfun báláú.

“Kí ló dé tí o kò kun ibí?” ni Bàbá Ìbejì bi í.

“Bàbá, kò sí nǹkan tó ṣíji bò ó ni.”

Ó pẹ́ kí ọkùnrin náà tó dá ìwé padà fún un.

Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi páànù na fàràndà síwájú rẹ̀, wọ́n sì so ẹní ráfíà mọ́ etí páànù. Bó bá di aago mẹ́ta, ọmọ iṣẹ́ á sọ ẹní náà kalẹ̀; bí oòrùn bá wọ̀, á ká a sókè kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí aṣọ.

Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan tó ń ta owó ìpè fóònù lábẹ́ agboòrùn nítòsí ibẹ̀ fi gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sábẹ́ fàràndà, láìbi ẹnikẹ́ni. Bàbá Ìbejì ní kó máa san nǹkan lóṣooṣù. Ìyá Ìbejì bi í pé èló ni wọ́n ń gbà lábẹ́ igi ọ̀dán ní ìlú wọn.