Ẹni tí wọ́n fẹ́ẹ́ ti rọ́bà kámẹ́rà bọ̀ lọ́fun, ẹ jẹ́ kó gbọ́ èyí kó tó sá lọ

Kí dókítà sọ fún èèyàn pé rọ́bà kan máa gba ẹnu ẹ̀ wọlé, á gba ọ̀fun kọjá, á sì dé inú ikùn lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ tó ń já àyà ni. Èǹdóskọ́pì ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò ọ̀hún. Àwọn mí-ìn kì í dúró gbọ́ orúkọ ẹ̀ tán, "rọ́bà" tí wọ́n gbọ́ yẹn ti tó wọn. Bí wọ́n ṣe ń jáde lọ́sibítù ni wọ́n ń gba ọ̀dọ̀ ẹlẹ́gbòogi lọ, ọdún á sì yí po, ọgbẹ́ tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n wò á máa jẹ lọ nínú.

Ọ̀gá wẹ́dà kan ní Mushin, l'Ékòó, wà lára wọn. Ọkùnrin tó ń fojú kojú iná látàárọ̀ dalẹ́ ni o! Ó pẹ́ tí inú ti ń ta á, àmọ́ ẹ̀yìn tó ń dùn ún lẹ́nu iṣẹ́ ló gbájú mọ́, oògùn ara ríro ló sì ń gbé mì lójoojúmọ́. Kò mọ̀ pé àwọn oògùn bíi aspirin àti ibuprofen máa ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn ẹni tó bá ń lò wọ́n lálòjù. Ọjọ́ tí ìgbẹ́ ẹ̀ dúdú bí ọ̀dà títì, ìyàwó ẹ̀ ò gbọ́ àlàyé kankan mọ́, ọ́sibítù ló wọ́ ọ lọ. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀, wọ́n ní tó bá dọjọ́ kejì, àwọn máa wo inú ikùn ẹ̀.

Lóru ọjọ́ yẹn, àwọn tí wọ́n jọ wà ní wọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ọ̀kan ní rọ́bà náà nípọn tó èyí tí wọ́n fi ń fa epo. Òmíì ní ẹnì kan ládùúgbò òun ò lè sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó ṣe é rí nínú wọn. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ọ̀gá wẹ́dà ti ń wá bàtà ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló dá a jókòó. Kò bínú, kò sì wàásù fún un. "Dádì, kí lẹ̀rù ẹ̀ ń bà yín gan-an?"

"Sístà, tí rọ́bà bá dí ọ̀fun mi, níbo ni mo fẹ́ẹ́ gbà mí?"

"Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, Dádì. Ọ̀kan lẹ̀ ń gbà mí, èkejì lẹ̀ ń gbà jẹun. Ọ̀nà oúnjẹ ni rọ́bà yìí ń gbà. Bó ṣe wà níbẹ̀ yẹn náà lẹ ó máa mí." Ó na ìka ọwọ́ ẹ̀ tó kéré jù sókè. "Kò sì nípọn ju báyìí lọ."

Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ló dá bàtà padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àyẹ̀wò náà gan-an kì í pẹ́, bí ìṣẹ́jú 5 sí 15 ni. Wọ́n á fín oògùn kan tó korò sí ọ̀fun, ibẹ̀ á sì kú tipiri. Ó máa dà bíi pé itọ́ ò ṣeé gbé mì mọ́, ibẹ̀ lẹ̀rù sì ti máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò sí nǹkan kan o, oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Èèyàn á fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n á fi ike kékeré kan tó níhò láàárín sí i lẹ́nu kó má baà gé rọ́bà náà jẹ, wọ́n á wá ní kó gbé e mì. Ìgbà yẹn gan-an ló le. Èébì á fẹ́ẹ́ gbé e, omi á bọ́ lójú ẹ̀, ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ ń parọ́. Àmọ́ tó bá ti kọjá ọ̀fun, ó ti tán síbẹ̀. Kó jẹ́ kí itọ́ máa ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, kó má gbé e mì, kó máa fi imú mí díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sínú máa ń jẹ́ kí inú wú, tó bá gùnfẹ̀, kójú má tì í.

Ọ̀gá wẹ́dà ní irin ara géètì tóun ń ṣe lọ́wọ́ lòun ń kà lọ́kàn, òun ò sì tíì kà á tán tí wọ́n fi ní ó ti parí. Ọgbẹ́ ni wọ́n bá níbẹ̀, inú rọ́bà yẹn náà ni wọ́n sì gbà dá ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde dúró, láì la ikùn ẹ̀.

Ìbẹ̀rù yìí kúkú ní ìdí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Adolf Kussmaul, dókítà ará Jámánì, fẹ́ẹ́ wo inú ikùn èèyàn ní 1868, irin gbọọrọ tí kì í tẹ̀ ló lò, onídán tó máa ń gbé idà mì ló sì rí tì í bọ̀ lọ́fun. Èyí tó ń tẹ̀ dáadáa ò dé àfi ní 1957, láti ọwọ́ Basil Hirschowitz l'Amẹ́ríkà. Ọ̀fun ara ẹ̀ ni dókítà náà kọ́kọ́ tì í bọ̀.

Àmọ́ o, àwọn kan wà tó jẹ́ pé rọ́bà kọ́ ni wọ́n ń sá fún, ohun tí wọ́n máa bá nínú ni. Jẹjẹrẹ ló wà lọ́kàn wọn. Lóòótọ́, wọ́n máa ń rí i nígbà mí-ìn, èyí tí wọ́n bá sì tètè rí ló ṣeé tọ́jú jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori ló ń fa ọgbẹ́ inú, oògùn tó ń pa kòkòrò sì ń lé e lọ. Barry Marshall, dókítà ọmọ Australia, ló gbé kòkòrò náà mu ní 1984 kí wọ́n lè gba òun gbọ́, wọ́n sì ti rọ́bà bọ òun náà lọ́fun kí wọ́n lè rí ohun tó ṣe níkùn ẹ̀. Ní 2005, òun àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel. Tí dókítà bá wá já ẹran bíńtín nínú ikùn èèyàn lọ fún àyẹ̀wò, kì í dunni, kì í sì í ṣe pé ó ti rí jẹjẹrẹ. Ó lè jẹ́ kòkòrò yìí ló ń wá.

Ó kéré tán, kí oúnjẹ ti dáwọ́ dúró ní wákàtí 6 ṣáájú. Ní ti omi, ohun tí ọ́sibítù bá sọ ni kó tẹ̀ lé. Ẹni tó bá yọ́ ẹ̀wà jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ara ẹ̀ ló ń tàn, oúnjẹ á bo ohun tí wọ́n fẹ́ẹ́ wò, èébì sì lè gba ọ̀nà èémí lọ. Kó sọ fún wọn tó bá ní eyín àtọwọ́dá, tó bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, tí inú bá ń dùn ún gan-an, tó ń bì ẹ̀jẹ̀ tàbí tí kò lè mí dáadáa, kó padà sọ́hùn-ún lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹni tẹ́rù bá sì ń bà jù, kó béèrè bóyá wọ́n lè fún un ní abẹ́rẹ́ tó máa ń mú ojú wúwo. Ọ̀pọ̀ ni ò mọ̀ pé èèyàn lè béèrè. Àmọ́ kó mú ẹnì kan dání wá o, torí ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ yẹn kò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà títí di ọjọ́ kejì, bó ti wù kójú ẹ̀ dá tó.