Alùpùpù Àtijọ́ Nínú Òtútù Mambilla

Aago márùn-ún ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń tẹ kíìkì alùpùpù lẹ́yìn fèrèsé. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó wúkọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí àwọn ará ilé. Mo yọjú lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì tí mo fi bora, mo sì ń rí èémí ara mi bí èéfín. Gembu ni mo wà, ní Ìpínlẹ̀ Taraba, nínú oṣù Kìíní ọdún. Ẹni tó bá rò pé òtútù gidi ò sí ní Nàìjíríà, kó wá sùn mọ́jú níbẹ̀ lásìkò ọyẹ́.

Bàbá tó ń tẹ kíìkì yẹn jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ilé wọn ni mo gbé lọ́dún 2014 nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀. Alùpùpù wọn, Honda CG125, dàgbà jù mí lọ. Mo fẹ́ tún rí òkè náà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn nìkan ló gbé mi padà lọ. Gbèsè kan wà lọ́rùn mi níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbèsè owó.

Ọ̀nà Tó Ń Pọ́nkè

Ọ̀nà náà jìn. Láti Ìbàdàn, mo sùn ní Àbújá lóru àkọ́kọ́, mo sùn ní Jalingo tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ náà lóru kejì, kí n tó gba Bali lọ sí Serti. Ooru ṣì ń mú ní Serti. Ibẹ̀ ò jìnnà sí Gashaka-Gumti, ọgbà ẹranko tó tóbi jù lọ nínú àwọn ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀. Lẹ́yìn Mayo Selbe ni ọ̀nà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́nkè, tó ń lọ́ bí ejò. Kọ́nà kan ò tíì tán tí òmíràn á ti yọjú. Etí mi ń dí, ó ń là. Àwọn tá a jọ wọkọ̀, tí wọ́n ti ń fi ìwé fẹ́ ara wọn nísàlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá súwẹ́tà nínú báàgì.

Òkè Mambilla ga tó nǹkan bí 1,600 mítà ju ìpele òkun lọ. Agbègbè yìí kan náà ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 2,419 mítà. Abẹ́ àkóso Jámánì ni ilẹ̀ náà wà nígbà kan, gẹ́gẹ́ bí apá kan Kamẹrúùnù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1961 ni àwọn ará Àríwá Kamẹrúùnù dìbò pé Nàìjíríà làwọn máa bá lọ.

Ibi tójú bá dé, koríko ni, màlúù ni, igi yukalípítọ́ọ̀sì ni. Ní Kakara, oko tíì tẹ́ lọ bẹẹrẹ bí ẹní. Alùpùpù sì ni ẹsẹ̀ àwọn ará òkè náà. Òun ló ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti píà wá sọ́jà. Òun ló ń gbé aboyún lọ sí ọsibítù, tó sì ń gbé olùkọ́ lọ sí abúlé tí mọ́tò kì í dé. Bí alùpùpù ò bá gbà láàárọ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan ló máa dẹnu kọlẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́ Tí Ọwọ́ Mi Kú

Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2014, a fẹ́ kó ìwé ìdánwò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní abúlé. Bàbá ní kí n wa alùpùpù náà, kí àwọn jókòó sẹ́yìn, torí pé ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́ nínú òkùnkùn. Mo gbà tayọ̀tayọ̀. Ọmọ Ìbàdàn tó mọ alùpùpù wà dáadáa ni mo ka ara mi sí. Súwẹ́tà kan ni mo wọ̀, mi ò sì wọ ìbọ̀wọ́.

Kùrukùru bo gbogbo ọ̀nà. Iná iwájú alùpùpù náà pupa rẹ́súrẹ́sú bí iná àtùpà. Bí mo bá dẹwọ́ lórí epo, á tún wọlẹ̀ sí i. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mi ò mọ̀ mọ́ bóyá ìka mi wà lára mi. Bá a ṣe yọ ní kọ́nà kan, màlúù ló dúró láàárín títì. Mo rí i pẹ́, àmọ́ kò pẹ́ jù. Ọpọlọ mi sọ fún ọwọ́ mi pé kó fún bíréèkì, ọwọ́ mi ò sì gbọ́. Àwọn ìka náà ti gan. Mo yà bàrá, a sì ṣubú sínú gọ́tà. Èmi bó lórúnkún. Apá òsì Bàbá kán.

Bàbá ò bá mi wí rárá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n sọ lórí ibùsùn ọsibítù ni pé: “Kọ́pà, a ò tíì mọ ohun tá a gbàgbé láti ṣe. Tá a bá mọ̀ ọ́n, a ó ṣe é.” Látọjọ́ náà, mi ò wa alùpùpù mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ mi yé mi nígbà tó yá. Tí òtútù bá mú èèyàn, ara máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kù kó lè dáàbò bo ọkàn àti àwọn ẹ̀yà inú. Atẹ́gùn sì tún ń dá kún un. Bí ojú ọjọ́ bá jẹ́ 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, téèyàn sì ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, ńṣe ló máa dà bíi pé ó jẹ́ nǹkan bíi 5 lára awọ tí kò bò. Ká tó sọ pé òtútù ò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, ẹni tó wà lórí ẹ́ńjìnnì náà ni òtútù máa kọ́kọ́ mú.

Ohun Tí Òtútù Ń Ṣe fún Ẹ́ńjìnnì

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé Gembu, Bàbá mú mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Abẹ́ igi ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó fi ọwọ́ gbá táǹkì alùpùpù náà bí ẹni gbá ẹ̀yìn ẹṣin.

Ọdún 1976 ni Honda kọ́kọ́ gbé irú alùpùpù yìí jáde, wọ́n sì dìídì ṣe é fún ilẹ̀ tí ọ̀nà ti burú, tí àwọn èèyàn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tètè pààrọ̀ ọ́ìlì. Wọ́n bo ṣéènì rẹ̀ látòkè délẹ̀ kí eruku àti ẹrẹ̀ má bàa jẹ ẹ́. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ti Bàbá pẹ́ láyé. Àmọ́ mẹkáníìkì náà ní ohun mẹ́ta ni òtútù máa ń bá a jà.

Àkọ́kọ́ ni epo bẹntiróò. Nínú òtútù, kì í tètè di oru, oru yẹn ló sì ń gbaná. Ìdí nìyẹn tá a fi ń pa ṣóòkì dé kí afẹ́fẹ́ lè dín kù, kí epo sì pọ̀ sí i. Àmọ́ afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́lẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Torí náà, tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, epo á wá pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, púlọ́ọ̀gì á dúdú bí ìdí ìkòkò, alùpùpù ò sì ní lágbára. Ohun tó ṣe sí ti Bàbá ni pé ó fi jẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ kéré díẹ̀ sínú kabúrétọ̀. Ó wá kìlọ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ gbé irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Jalingo dá ti tẹ́lẹ̀ padà, torí epo tó bá kéré jù máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì gbóná kọjá ààlà.

Ìkejì ni ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ń ra ọ́ìlì 40 nítorí pé ó wọ́pọ̀. Ní ìdájí Gembu, ńṣe ló máa ń ki bí oyin, kíìkì á wá le bí òkúta. 20W-50 ni Bàbá ń lò báyìí. Nọ́ńbà tó wà níwájú W ló ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe máa ṣàn tó nínú òtútù. Bó bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì á ṣe yá ṣàn tó.

Ìkẹta ni iná mànàmáná. Òtútù máa ń dín agbára bátìrì kù. Bátìrì oní-volt 6 tó wà lára alùpùpù náà tẹ́lẹ̀ ò sì lágbára tó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun Tí Bàbá Kọ́kọ́ Ṣe

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yà mí lẹ́nu jù. Nínú gbogbo ohun tí Bàbá tún ṣe lẹ́yìn tí apá wọn san, ẹ́ńjìnnì ló kẹ́yìn. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó wá pààrọ̀ sàlẹ́ńsà kí alùpùpù wọn lè máa han gooro, àwọn míì sì ń kun ún ní pupa àti wúrà. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: “Ariwo ò lè dá màlúù dúró.”

Bíréèkì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n pààrọ̀ ṣúù iwájú àti ti ẹ̀yìn, wọ́n sì fi ọ́ìlì sí wáyà rẹ̀ kí ọwọ́ tí òtútù mú má bàa ṣe wàhálà kó tó lè fún un. Lẹ́yìn náà ni táyà. Ìdájí ni wọ́n máa ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, kì í ṣe ọ̀sán, torí pé bí ojú ọjọ́ bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 5 tàbí 6 tutù sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń fi nǹkan bíi psi 1 dín kù.

Iná ló tẹ̀ lé e. Mẹkáníìkì náà ṣàlàyé pé èèyàn ò lè kàn fi gílóòbù oní-volt 12 sára alùpùpù oní-volt 6. Ó ní láti pààrọ̀ kọ́ìlì tó ń mú iná wá, ohun tó ń ṣàkóso iná, bátìrì, fèrè àti gbogbo gílóòbù. Owó ńlá ni. Ọdún méjì ni Bàbá fi tọ́jú owó náà. Ìgbà yẹn kan náà ni wọ́n yọ kọ́ńtáàtì, tí ojú rẹ̀ máa ń jó, wọ́n sì fi CDI sí i, tí kò ní ojú méjì tó ń fara kanra. Síbẹ̀, wọn ò ju àwọn ti àtijọ́ nù. Inú páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà, nínú ọ̀rá tí wọ́n dì wọ́n sí. CDI tó bá kú lórí òkè, sọnù ló kù, àmọ́ kọ́ńtáàtì, téèyàn bá fi pépà ha ojú rẹ̀, á tún ṣiṣẹ́. Mo rántí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́. Wọ́n gé kẹ́ẹ̀gì méjì, wọ́n so ó mọ́ iwájú ọwọ́ alùpùpù kí atẹ́gùn má bàa fẹ́ lu ìka tààrà. Ìbọ̀wọ́ aláwọ nípọn, àmọ́ kò nípọn débi tí ìka ò fi ní mọ bíréèkì. Ìwé ìròyìn ń bẹ lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, láyà. Akoto tó bo ojú ń bẹ lórí. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n tó wá kan jẹ́ẹ̀tì àti ọ́ìlì.

Kọ́kọ́rọ́

Ní àárọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, mo bá Bàbá lágbàlá. Ìta ni wọ́n ti ń tẹ kíìkì, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó ti wù kí òtútù mú tó. Wọ́n ní ìdílé tó bá ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná nínú ilé tó pa fèrèsé dé ń kó májèlé wọ yàrá àwọn ọmọ. Òótọ́ ni. Èéfín yẹn ní gáàsì carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tó sì lè pa èèyàn lójú oorun.

Wọ́n fi ọgbọ́n wọn hàn mí. Kí wọ́n tó ṣí iná, wọ́n máa ń rọra tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀mejì kí ọ́ìlì lè rìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pa ṣóòkì dé, wọ́n á ṣí iná, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ gan-an. Tó bá ti gbà, wọ́n á dúró ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, wọ́n á sì ṣí ṣóòkì díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, Bàbá na ìbọ̀wọ́ sí mi. “Kọ́pà, ìwọ lo máa wà á. Mo fẹ́ lọ kí àwọn ará abúlé yẹn.”

Àyà mi já. Mo wo apá wọn òsì, tí kò na tán mọ́ látọjọ́ náà. Mo sọ pé: “Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí.”

Wọ́n ní: “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́sí, ẹ̀rù ò bà ọ́.”

Mo wọ ìbọ̀wọ́. Kùrukùru wà lọ́nà bíi tìgbà yẹn. Mo fi iná sílẹ̀, torí pé ńṣe ni iná téèyàn bá gbé sókè nínú kùrukùru máa ń ta padà sójú ẹni. Mo rí etí títì lọ́tùn-ún àti lósì. Nígbà tá a dé kọ́nà yẹn, kò sí màlúù, kò sí nǹkan kan. Síbẹ̀, mo rọra fún bíréèkì. Ìka mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́, alùpùpù náà sì dúró pẹ́ẹ́.

Bàbá fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn. “Ọwọ́ ẹ ti jí,” ni wọ́n wí. “Jẹ́ ká máa lọ.”